Wọ́n Ní Ilé Náà Tutù

Bí éjẹ́ǹtì bá mú yín wọ yàrá kan, tó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri, tó sì wí pé, "Ilé yìí tutù o," ẹ má tíì ṣe àmín. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé irú tútù wo ni. Èmi ṣe àmín tèmi, mo tún rẹ́rìn-ín sí i, èémí mi ni mo sì fi san án. Ẹnikẹ́ni tí ikọ́ bá ń bá fínra, tí gbogbo ẹbí ń sọ fún un pé òtútù lásán ni, òun ni mò ń kọ èyí sí. N kò kọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Inú ló ń bí mi, mo sì fẹ́ kó bí ẹ̀yin náà, torí sùúrù ni èmi lò, sùúrù yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi.

Ọmọ Ṣakí ni mí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bódìjà ni mo ti ń ṣe olùkọ́. Nígbà tí ìgbéyàwó èmi àti Délé kù sí dẹ̀dẹ̀, a wá ilé títí bàtà fi jẹ tán lẹ́sẹ̀ wa. Èyí tí a rí ní Ring Road gbóná bí inú ààrò. Èyí tí a rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dùgbẹ̀, ariwo ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí òkú sùn. Bẹ́ẹ̀ ni éjẹ́ǹtì wa mú wa dé ẹ̀yìn Agbowó, níbi tí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ó mú wa gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ọ̀sán gangan ni, òógùn bò wá, ṣùgbọ́n bí a ṣe wọ yàrá tí a ó máa sùn, ńṣe ni ara wa rọ̀ wọ̀ọ̀. Táńkì omi ńlá tí wọ́n gbé sórí kọnkéré dúró gbọnin sí ẹ̀yìn ògiri yàrá náà, oòrùn kì í sì í dé ibẹ̀ rárá.

"Ilé yìí tutù o, mọ̀mí," ni éjẹ́ǹtì wí. "Fáànù yín máa sinmi ni."

Ta ni Yorùbá tí wọn yóò sọ fún pé ilé tutù tí inú rẹ̀ kò ní dùn? Àdúrà wa nìyẹn. Ilé á tutù, ọ̀nà á tutù. Lọ́jọ́ tí a kó wọlé, màmá mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi látilẹ̀, dúró kí pásítọ̀ lọ tán, wọ́n wá bu omi tútù wọ́n ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí ilé náà tutù fún wa. Bíi pé omi kò tíì tó níbẹ̀.

Bàbá onílé fúnra wọn wá láti Òkè-Àdó tí wọ́n ń gbé wá kí wa. Àgbàlagbà tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni wọ́n, Dádì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n fi wọ́díróòbù ńlá kan hàn wá nínú yàrá, pákó gidi, wọ́n ní, "Ẹ̀bùn ìgbéyàwó tèmi fún yín nìyẹn." Délé dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Ẹ má sún un o," ni wọ́n fi kún un, "ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára." Délé ní ta ni yóò máa sún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Òórùn aṣọ tí èèyàn ká sápò kó tó gbẹ. Mo fọ yàrá, mo fín tùràrí, kò lọ. Léèsì ìgbéyàwó mi tó wà nínú wọ́díróòbù ti ní àmì dúdú tótòtó lára. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Bí mo bá ti jí, mo lè sín títí omi yóò fi máa dà lójú mi, ojú á máa yún mi, ọ̀fun á máa yún mi, ṣùgbọ́n tí mo bá dé Bódìjà tí mo kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á lọ. Ẹ fetí sí ibi tí mo dé yìí dáadáa. Àìsàn tó ń dín kù níta, tó wá ń dúró de èèyàn nílé, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Nítorí pé òórùn náà a máa rìn mí lọ́kàn, tí mo sì ń tutọ́ kiri, Ìyá Ríṣí tí wọ́n ń gbé ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń ta ọṣẹ àti ìpara níwájú ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Ìyàwó, à ń wò yín o," ni wọn yóò wí. "A ò ní fẹnu wa pè é. Alihamudulilahi." Inú èmi náà dùn, mo lọ ṣàyẹ̀wò. Kò sí oyún kankan. Ikọ́ ni mo lóyún rẹ̀.

Nígbà tí òjò wá ń rọ̀ lemọ́lemọ́, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ọmọ kan ní kíláàsì dá mi dúró níbi tí mo ti ń kọ nǹkan sójú pátákó, ó ní, "Àǹtí, ṣé ológbò wà nínú yín ni?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì di ikọ́ tí mo fi jókòó sílẹ̀. Èmi tí mò ń lé orin ní ìjọ wa, n kò lè parí ẹsẹ kan mọ́ kí n tó wá èémí.

Ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì la kọ́kọ́ gbà lọ bí gbogbo ayé. Wọ́n da oògùn pọ̀ fún mi nínú ọ̀rá, funfun, pupa, àwọ̀ ewé. Nígbà tí ìyẹn kò ràn án, a lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tò níbẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ ó dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó bá ẹni tó ti fi òkúta gba àyè sílẹ̀ láti àná. Ẹ ó tò fún káàdì, ẹ ó tò fún dókítà, ẹ ó tò níbi tí wọ́n ti ń sanwó, tẹ́ ẹ bá wá kan ojú fèrèsé, wọn á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Dókítà tó rí mi kò gbójú sókè. "Ikọ́ láti ìgbà wo? Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀."

Ikọ́ ife ni wọ́n ń fura sí, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní TB. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń sáré. Kí èsì tó jáde, ọ̀gá ilé ìwé wa ti ní kí n lọ máa sinmi nílé, àwọn tí a jọ ń kọrin ti ń jókòó jìnnà sí mi, ẹ̀gbọ́n Délé kan sì ti ya ife tí mo fi mu omi nílé wọn sọ́tọ̀. Èsì jáde, kì í ṣe ikọ́ ife. Kò sí ẹni tó dá ife mi padà sáàárín ife yòókù. Dókítà mìíràn wá ní òtútù ni, kí n máa wọ aṣọ tó nípọn, kí n sì má máa jáde.

Òtútù. Bí Délé ṣe sọ ọ́ lórí fóònù báyìí, Màmá ti kó sí mọ́tò láti Ṣakí, pẹ̀lú igbá òrí, ìgò àgbo àti ojú líle. "Òtútù ti wọ̀ ọ́ légungun," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ó ṣí fèrèsé kalẹ̀ bí ẹni ń pe afẹ́fẹ́ wá jẹun." Wọ́n pa gbogbo fèrèsé yàrá dé. Wọ́n ki àkísà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n fi òrí ra mí láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọ́n wọ súwẹ́tà fún mi, wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kúrò nínú yàrá. Ibi tí ibùsùn mi sì wà rèé, orí mi kọjú sí wọ́díróòbù ẹ̀bùn.

Délé ní kí wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé díẹ̀. Màmá wò ó títí. "Délé, ṣé ìwọ lo bá mi bí i ni?"

Àwọn ẹ̀gbọ́n Délé ní orí òkè àdúrà ni kí wọ́n gbé mi lọ. Ẹni tó mú oyin wá, ẹni tó mú ata ilẹ̀ wá, ẹni tó mú òróró tí wọ́n gbàdúrà sí wá, gbogbo rẹ̀ ni mo gbé mì. A ta jẹnẹrétọ̀ wa nítorí oògùn. A fẹ́ ta léèsì náà, àmì dúdú ara rẹ̀ kò jẹ́. Dádì pàápàá wá gbàdúrà fún mi. Wọ́n dúró láàárín èmi àti wọ́díróòbù, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní kí Ọlọ́run gbá òtútù kúrò lára ọmọ yìí. Mo ṣe àmín dé ibi tí èémí mi mọ. Bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n fọwọ́ kan wọ́díróòbù náà, wọ́n wò ó bóyá ó ṣì wà ní àyè rẹ̀. Mo rò pé ẹsẹ̀ tí kò lágbára ni wọ́n ń rò.

Nígbà tó pẹ́ tí kò sàn, Màmá ní ó ti kọjá òtútù, aráyé ni. Wọ́n ní bí Ìyá Ríṣí ṣe ń kí mi ti dùn jù. Ni wọ́n bá gbé mi lọ sí Ṣakí. Ilé Màmá, páànù lásán, eruku lásán, oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé bí onílé. Kí n tó pẹ́ níbẹ̀, mo ti ń fọ aṣọ ara mi. Mo lé orin kan níbi tí mo ti ń sá aṣọ, mo sì parí ẹsẹ rẹ̀. Màmá sáré jáde láti ilé ìdáná. "Mo wí, àbí mi ò wí? Ilé yẹn ni! Wọ́n ti fi nǹkan síbẹ̀ dè ọ́!" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nǹkan wà níbẹ̀. Ẹni tó fi síbẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣì mú.

Mo padà sí Agbowó nítorí ọkọ àti iṣẹ́. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí níbẹ̀, ikọ́ ti ń dúró dè mí lórí ìrọ̀rí, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo fa èémí, kò wá. Mo tún fà á, kò wá. N kò rò pé mò ń kú, mo mọ̀ pé mò ń kú ni, ẹ̀rù sì bà mí débi pé mo tọ̀ sára. Ìyá Ríṣí tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá mi ni wọ́n gbé orí mi lé itan, àwọn ni wọ́n pariwo títí kẹ̀kẹ́ kan fi dúró.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí mi nímú ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, tí Màmá ti sáré dé láti Ṣakí, dókítà obìnrin kan fa àga, ó jókòó. Nínú gbogbo dókítà tí mo ti rí, òun ló kọ́kọ́ jókòó. Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ títí dé Ṣakí.

"Kí ló wà nílé yín ní Agbowó tí kò sí ní Ṣakí?" ló bi mí.

"Ọ̀tá ni," ni Màmá dáhùn.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Ó ṣeé ṣe, Mà. Ṣé ògiri yàrá tí wọ́n ń sùn gbẹ?"

Ẹnikẹ́ni kò bi wá bẹ́ẹ̀ rí.

Délé lọ sílé, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n sún wọ́díróòbù. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló le koko. Ó ya fọ́tò ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá sórí fóònù. Ògiri náà ti bu. Bí búrẹ́dì tí èèyàn gbàgbé sínú ọ̀rá ṣe ń bu ló ṣe bu, dúdú àti àwọ̀ ewé, ó yọ irun wẹ́wẹ́, láti ilẹ̀ dé àyà èèyàn. Páìpù táńkì ló ń jò sínú ògiri, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jò. Délé ní òun fi kọ́kọ́rọ́ họ ọ̀dà, òun bá dúdú lábẹ́ rẹ̀, òun tún bá ọ̀dà mìíràn lábẹ́ dúdú, dúdú tún wà lábẹ́ ìyẹn. Wọ́n ti ń kùn ún mọ́lẹ̀ tipẹ́.

"Ohun tó bu yìí ń tú lẹ́búlẹ́bú sínú afẹ́fẹ́, ojú ò lè rí i," ni dókítà wí. "Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sùn níbẹ̀, ẹ̀ ń fà á símú ni. Kì í ṣe gbogbo ara ló ń bá jà, ó ń bá tiyín jà."

Màmá ní, "Kì í ṣe òtútù?"

"Ilé ni òtútù ń mú, Mà, kì í ṣe ọmọ yín. Ì bá dára ká ní fèrèsé wà ní ṣíṣí."

Màmá tú gèlè orí wọn, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọ́ọ̀dù. "Èmi ni mo tì í," ni wọ́n ń wí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í." N kò bínú sí màmá mi. Ìfẹ́ ni wọ́n fi tì í, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wa ni wọ́n sì tẹ̀ lé. Àwọn tó mọ̀ ni mò ń bínú sí, mo sì ń bínú sí wọn dòní.

Dádì kò sẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. "Gbogbo ilé ló ń làágùn lásìkò òjò," ni wọ́n wí lórí fóònù. "Kí ló dé tẹ́ ẹ sún wọ́díróòbù? Ṣebí mo kìlọ̀ fún yín." Wọn kò dá owó ilé tó kù padà, wọ́n ní àwa la fẹ́ lọ. Éjẹ́ǹtì ní òun sọ fún wa pé ilé náà tutù, òun ò purọ́. Bí a ṣe wá ń kó ẹrù, Ìyá Ríṣí ní, "Àwọn tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé náà wúkọ́ wúkọ́ ni kí wọ́n tó lọ." Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi?" Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ ò bi mí. Ta ló máa ń bá ìyàwó tuntun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà?" Obìnrin tó gbà mí lọ́wọ́ ikú lórí àtẹ̀gùn ni o. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni àbí kí n gégùn-ún.

Àdúgbò Challenge ni a wà báyìí, lókè téńté, oòrùn ń lù wá láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà ìwọlé, wọ́n ní kí ilé yìí tutù fún wa, gbogbo ilé ṣe àmín, mo panu mọ́. Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Mo ní, "Kó gbẹ, Jésù. Kó gbẹ pátápátá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò sọ ọ́ fún ẹ̀rín.

N kò tíì gbádùn tán, n kò sì ní tàn yín. Dókítà ní ibì kan nínú ẹ̀dọ̀fóró mi ti dápàá, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Ìnhélà, ike oògùn tí mò ń fà sẹ́nu kí n lè mí, kì í kúrò nínú báàgì mi. Mo ti padà sí kíláàsì, ṣùgbọ́n orí àga ni mo ti ń kọ́ wọn. Ẹlòmíràn ló ń lé orin ní ìjọ wa. Ohùn rẹ̀ dára, n kò sì lè gbọ́ ọ kí inú mi má bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ikọ́ ń bá jà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wò ó bóyá ikọ́ ife ni, kí wọ́n wò ó bóyá òtútù àyà ni, ẹ má sá. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá bi yín nípa ilé, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹ sún ẹrù kúrò lára ògiri. Ẹ gbóòórùn aṣọ yín. Ọ̀dà kì í wo ògiri sàn. Ibi tí omi ti ń jò ni kí wọ́n kọ́kọ́ dí, kí wọ́n tó fọ èyí tó bu kúrò, kì í sì í ṣe ẹni tó ń wúkọ́ ni yóò fọ̀ ọ́. Bí onílé bá kọ̀, ẹ kó jáde, kódà kó jẹ́ pálọ̀ ẹbí lẹ ó lọ máa sùn. Mo mọ̀ pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ kó jáde ṣáá.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ sí Agbowó lọ ṣe fọ́tókọ́pì ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹsẹ̀ mi ló dédé gbé mi gba ẹ̀yìn ọ̀hún lọ. Wọ́n ti kun ilé náà lọ́dà tuntun. Kọ́tìnì tuntun wà lójú fèrèsé yàrá wa, fèrèsé náà sì wà ní títì pa lọ́sàn-án gangan.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni mo bi Ìyá Ríṣí.

"Ìyàwó tuntun ni. Ọmọ dáadáa."

"Ṣé ẹ sọ fún un?"

Wọ́n ń to ọṣẹ wọn, wọn ò wojú mi. "Kò bi mí."

Mo gun àtẹ̀gùn náà. Mo dúró lágbedeméjì, mo fa ìnhélà, mo tún gùn ún. Ọmọbìnrin tó ṣílẹ̀kùn kéré sí mi, súwẹ́tà wà lọ́rùn rẹ̀, òórùn òrí sì gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ káàsán, Mà," ló wí, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wúkọ́. "Ẹ má bínú. Òtútù ló ń ṣe mí díẹ̀."

N kò sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo wọlé, mo ṣí fèrèsé, mo fi ìborùn so imú mi, mo ní kó so tirẹ̀, kó wá bá mi ti wọ́díróòbù yẹn. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé, kò lè bá àgbà jiyàn. Ó fi èjìká tì í lápá kan, mo fi ẹ̀yìn tì í lápá kejì. Ó yí. Ọ̀dà tuntun ti ń bó lára ògiri, dúdú ti gba abẹ́ rẹ̀ yọ. A dúró síbẹ̀, àwa méjèèjì ń mí gúlegúle, à ń wò ó.

"Dádì ní ká má sún un," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ní ẹ̀bùn ìgbéyàwó wa ni."